Erin mẹ́jọ tó ń ṣọ́ igun ayé: Ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n sọ di ẹ̀fẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Òwe yìí ni a fi ṣíde ọ̀rọ̀ wa lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ erin ni a fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ti erin kan ṣoṣo. Erin mẹ́jọ ni. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà ló ni ìtàn wọn, inú àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi èdè Sáńskírìtì kọ ni ìtàn náà sì wà. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún àwọn erin wọ̀nyí ni pé kí wọ́n máa ṣọ́ igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ayé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ìtàn náà ṣe wà nínú ìwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbàáyé ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ní ọdún 1689, John Locke, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí òye ọmọ ènìyàn. Nínú ìwé náà ló ti mẹ́nu ba ọmọ Íńdíà kan tó ní orí erin ni ayé dúró lé. Wọ́n bi í pé kí ni erin dúró lé, ó ní orí ìjàpá ńlá kan ni. Wọ́n tún bi í pé kí ni ìjàpá dúró lé, ó ní nǹkan kan ni, òun kò mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ní ọdún 1927, Bertrand Russell, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, tún ìtàn yìí sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú London. Nínú tirẹ̀, nígbà tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ìjàpá lọ́wọ́ ọmọ Íńdíà náà, ńṣe ló ní kí àwọn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà ńlẹ̀, kí àwọn sọ nǹkan mìíràn.

Títí di òní yìí, bí àwọn òǹkọ̀wé bá fẹ́ fi hàn pé àlàyé ẹnì kan kò ní ìpìlẹ̀, ìtàn erin àti ìjàpá yìí ni wọ́n máa ń fà yọ. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Íńdíà ṣe sọ ọ́? Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé ẹnì kankan nínú wọn kò béèrè ohun tó wà lábẹ́ ìjàpá? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn erin náà ní orúkọ.

ORÚKỌ WỌN ÀTI IBI TÍ WỌ́N DÚRÓ SÍ

Diggaja ni wọ́n ń pè wọ́n ní èdè Sáńskírìtì. Dik ni apá tàbí igun ayé, gaja sì ni erin. Àwọn ìwé mìíràn a máa pè wọ́n ní dinnaga, ìtumọ̀ kan náà ni. Àwa Yorùbá a máa sọ̀rọ̀ nípa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Ní ti àwọn Híńdù, wọ́n fi igun mẹ́rin mìíràn sí àárín mẹ́rin àkọ́kọ́, ó wá di mẹ́jọ. Igun kọ̀ọ̀kan ní òrìṣà tó ni ín, òrìṣà kọ̀ọ̀kan sì ní erin tó ń bá a dúró níbẹ̀.

Amarasimha, ẹni tó kọ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Sáńskírìtì tí wọ́n ń pè ní Amarakosha ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, to orúkọ àwọn erin náà láti ìlà-oòrùn yípo. Báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn:

Ìlà-oòrùn: Airavata ni erin ibẹ̀. Indra, ọba àwọn òrìṣà, tó ni òjò àti mànàmáná, ló ń gùn ún. Funfun ni erin yìí, ìwé sì ní eyín gígùn mẹ́rin ló ní dípò méjì.

Gúúsù-ìlà-oòrùn: Pundarika ni. Agni, òrìṣà iná, ló ni igun yìí. Orúkọ erin náà jẹ́ orúkọ òdòdó funfun kan tó ń hù lórí omi.

Gúúsù: Vamana ni, èyí tó túmọ̀ sí aràrá. Yama, tó ń ṣe ìdájọ́ àwọn òkú, ló ni gúúsù.

Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn: Kumuda ni, èyí tó túmọ̀ sí òṣíbàtà funfun. Nirriti, òrìṣà ìparun, ni ọ̀pọ̀ ìwé fi síbẹ̀; àwọn mìíràn fi Surya, tí í ṣe oòrùn, síbẹ̀.

Ìwọ̀-oòrùn: Anjana ni. Varuna, òrìṣà omi, ló ni igun yìí. Tìróò ni ìtumọ̀ orúkọ erin náà, nítorí pé dúdú ni.

Àríwá-ìwọ̀-oòrùn: Pushpadanta ni, ẹni tí eyín rẹ̀ dà bí òdòdó. Vayu, òrìṣà afẹ́fẹ́, ló ń bá a gbé.

Àríwá: Sarvabhauma ni, ẹni tó ni gbogbo ilẹ̀ ayé. Kubera, òrìṣà ọrọ̀, ló ni àríwá.

Àríwá-ìlà-oòrùn: Supratika ni, ẹni tí ìrísí rẹ̀ dára. Àwọn ìwé kan fi Ishana, tí í ṣe ọ̀kan lára àwọn àwòrán Shiva, síbẹ̀. Àwọn mìíràn fi Soma, òṣùpá, síbẹ̀.

Erin kọ̀ọ̀kan ló ní ìyàwó tirẹ̀. Abhramu ni orúkọ ìyàwó Airavata, orúkọ náà sì jọ mọ́ abhra, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìkùukùu òjò.

Ẹni tó bá wo ètò yìí dáadáa yóò rí i pé iṣẹ́ máàpù ló ń ṣe. Ní àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, irú bíi Rajarani tó wà ní ìlú Bhubaneswar, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn òrìṣà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sára ògiri, oníkálukú ní igun tirẹ̀. Àlejò tó bá rí Yama lára ògiri ti mọ̀ pé ibi gúúsù tẹ́ńpìlì náà ni òun wà, kò ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

BÍ ERIN ṢE DÉ AYÉ

Ọ̀nà tí àwọn erin yìí gbà dé ayé kò jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbogbo ìwé. Matangalila, ìwé kan lórí ìwà àti ìtọ́jú erin, tí ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ Nilakantha, sọ pé èèpo ẹyin tí oòrùn ti jáde ni Brahma, òrìṣà ìṣẹ̀dá, mú sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó sì kọ orin mímọ́ sí i. Láti inú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni Airavata ti jáde, tí akọ erin méje sì tẹ̀ lé e. Láti inú ti ọwọ́ òsì ni abo erin mẹ́jọ ti jáde. Àwọn ni wọ́n bí gbogbo erin tó wà nínú igbó.

Ìwé yìí kan náà ní ìyẹ́ wà lára àwọn erin nígbà náà, wọ́n sì máa ń fò kiri ojú ọ̀run. Ní ọjọ́ kan, wọ́n bà sórí ẹ̀ka igi ńlá kan, ẹ̀ka náà sì ya. Bàbá ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Dirghatapas wà nítòsí igi náà. Inú bí i, ó gégùn-ún pé kí erin má lè fò mọ́, kí ó sì di ohun tí ọmọ ènìyàn yóò máa gùn. Láti ọjọ́ náà ni erin ti ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n gbà sọ ọ́ ni ti ìgbà tí àwọn òrìṣà àti àwọn ọ̀tá wọn jùmọ̀ ru omi òkun, bí ìgbà tí àwọn Fúlàní bá ń ru wàrà kí òrí inú rẹ̀ lè léfòó. Oríṣiríṣi ohun iyebíye ló jáde láti inú òkun lọ́jọ́ náà, Airavata sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ibẹ̀ náà ni Lakshmi, òrìṣà ọlà àti ẹwà, ti jáde. Ìwé Vishnu Purana sọ pé àwọn erin igun ayé ló fi ìkòkò wúrà bu omi mímọ́, tí wọ́n sì dà á sí i lára. Àwòrán Lakshmi láàárín erin méjì tó ń da omi sí i lórí wà lára àwọn òkúta gbígbẹ́ Bharhut àti Sanchi, tí ọjọ́ orí wọn ti tó ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Títí di òní, ó ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù àti nínú yàrá àdúrà àwọn Híńdù káàkiri.

Níbi rírú òkun yìí ni kí òǹkàwé ti fi ọkàn sí ìjàpá. Òkè kan tó ń jẹ́ Mandara ni wọ́n fi ṣe igi ìrukùn. Nígbà tí òkè náà fẹ́ rì, òrìṣà Vishnu sọ ara rẹ̀ di ìjàpá, ó sì fi ẹ̀yìn gbé òkè náà dúró. Òkè ni ìjàpá gbé nínú ìtàn yìí, kì í ṣe erin.

ÀWỌN ỌMỌ SAGARA PÀDÉ ERIN LÁBẸ́ ILẸ̀

Ibi tí erin ti gbé ayé rù gan-an ni Ramayana, ìtàn ńlá tí wọ́n gbà pé Valmiki ló kọ ọ́. Ọba kan wà tó ń jẹ́ Sagara. Ẹṣin tó fẹ́ fi rúbọ ni wọ́n jí gbé. Ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí iye wọn jẹ́ 60,000, pé kí wọ́n wá ẹṣin náà wá. Nígbà tí wọn kò rí i lórí ilẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀.

Ní ìlà-oòrùn, wọ́n bá erin ńlá kan tó ń jẹ́ Virupaksha, tó fi orí ru ayé pẹ̀lú gbogbo òkè àti igbó rẹ̀. Ìwé náà ní bí àárẹ̀ bá mú erin yìí, tó sì mi orí láti sinmi, ìgbà náà ni ilẹ̀ máa ń mì tìtì. Àwọn ọmọ ọba yí erin náà po láti bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì kọjá. Wọ́n bá Mahapadma ní gúúsù, Saumanasa ní ìwọ̀-oòrùn, àti Bhadra, tó funfun bíi yìnyín, ní àríwá. Gbogbo wọn ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rí ẹṣin náà níbi tó ti ń jẹko lẹ́bàá bàbá mímọ́ kan tó ń jẹ́ Kapila. Wọ́n rò pé òun ló jí i, wọ́n sì fi ìbínú kọlù ú. Bàbá náà bínú, gbogbo wọn sì jóná di eérú. Nígbà tí ọmọ-ọmọ Sagara, Anshuman, wá wọn lọ, ó dúró lọ́dọ̀ erin kọ̀ọ̀kan, ó kí i, ó sì béèrè ọ̀nà. Àwọn erin náà dá a lóhùn, wọ́n ní yóò rí ẹṣin náà mú bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Nítorí eérú àwọn ọmọ Sagara yìí ni Bhagiratha, ọmọ-ọmọ Anshuman, ṣe bẹ̀bẹ̀ títí tí odò Ganga fi sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé mẹ́rin ni erin inú Ramayana, orúkọ wọn kò sì bá ti àwọn mẹ́jọ inú Amarakosha mu. Kò sí ìjàpá kankan lábẹ́ wọn. Nínú Mahabharata, ìtàn ńlá kejì, ejò kan tó ń jẹ́ Shesha ni Brahma ní kí ó gbé ayé dúró. Àwọn ìtàn mìíràn wà tó fi ìjàpá sí abẹ́ ayé. Oníkálukú ló ní ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní ìtàn ìṣẹ̀dá tó ju ọ̀kan lọ. Àlejò tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ló to erin lé ìjàpá, tó wá ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ayé àwọn ará Íńdíà nìyẹn. Ní ọdún 1599, Emanuel da Veiga, àlùfáà Jesuit kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sílé pé àwọn kan níbẹ̀ gbà pé erin méje ló gbé ayé, ìjàpá ló sì gbé erin. Mẹ́jọ ti di méje kó tó dé Yúróòpù. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Locke, erin kan ṣoṣo ló kù.

ORÚKỌ ERIN DI ORÚKỌ ÀWỌN ÈNÌYÀN ŃLÁ

Ní ilẹ̀ Íńdíà fúnra rẹ̀, orúkọ àwọn erin yìí kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ àròjinlẹ̀ tó lókìkí jù nínú ẹ̀sìn Búdà, tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 480 sí 540, Dignaga ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe erin igun ayé. Ní ààfin Krishnadevaraya, tó jẹ ọba Vijayanagara láti ọdún 1509 sí 1529, àwọn akéwì ńlá mẹ́jọ tó ń fi èdè Telugu kéwì ni ìtàn sọ fún wa pé wọ́n ń pè ní Ashtadiggaja, erin mẹ́jọ igun ayé. Allasani Peddana ni olórí wọn, Tenali Ramakrishna, tí àwọn ọmọdé ilẹ̀ náà mọ̀ nídìí àpárá àti ọgbọ́n orí, sì wà lára wọn. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé bí erin ṣe gbé ayé ró, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akéwì yìí gbé ìjọba ọba náà ró.

Nínú èdè Hindi òde òní, bí ìwé ìròyìn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àgbà olóṣèlú tàbí àgbà eléré ìdárayá, diggaj ni wọ́n máa ń pè é. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Bí ènìyàn ńlá bá kú nílẹ̀ Yorùbá, ṣé kì í ṣe "erin wó" ni a máa ń kọ síwájú ìwé ìròyìn? Ohun mìíràn tún wà tó jọra. Ọ̀kan lára orúkọ erin ní Sáńskírìtì ni hastin, ẹni tó ní ọwọ́, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n ka imú gígùn rẹ̀ sí. Àwa náà kò pè é ní imú, ọwọ́jà ni a ń pè é.

Òkìkí Airavata tilẹ̀ kọjá ilẹ̀ Íńdíà. Ní Darasuram, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, tẹ́ńpìlì kan wà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ, tí Rajaraja Kejì, ọba Chola, kọ́ ní nǹkan bí 850 ọdún sẹ́yìn. Àjọ UNESCO fi í kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2004. Ní ilẹ̀ Thailand, Erawan ni wọ́n ń pe erin náà, olórí mẹ́ta ni wọ́n sì sábà máa ń ya á. Òun ni Indra jókòó lé lórí nínú àmì ìlú Bangkok. Ní Laos, erin funfun olórí mẹ́ta ló wà lórí àsíá ilẹ̀ náà títí di ọdún 1975 tí ìjọba ọba fi dópin níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N NÍ WỌN KÒ LÈ DÁHÙN

Ó wá ku ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni ìjàpá dúró lé?

Ní ọdún 499, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 23 kan ní ilẹ̀ Íńdíà, tó ń jẹ́ Aryabhata, parí ìwé kan lórí ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Ó sọ níbẹ̀ pé róbótó ni ayé, pé òfuurufú ló wà, pé ó sì ń yí lórí ara rẹ̀. Ó fi ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ṣe àpèjúwe: bí ọkọ̀ ti ń lọ síwájú, lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀, àwọn ohun tó dúró sí bèbè odò ló ń lọ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìràwọ̀ ṣe dà bí ẹni ń rìn lójú wa. Ọmọ bíbí Íńdíà yìí ni ilẹ̀ náà fi orúkọ rẹ̀ sọ sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, èyí tó gòkè ní ọdún 1975. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Varahamihira fi ayé wé irin tí òòfà yí ká, tó dúró ní àárín láìsí ohun tó gbé e.

Ṣùgbọ́n Bhaskara Kejì ló dojú kọ ọ̀rọ̀ náà tààrà. Ọdún 1114 ni wọ́n bí i. Nígbà tó di ọdún 1150, ó parí ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Siddhanta Shiromani. Àlàyé rẹ̀ nìyí: bí ayé bá ní ohun tó gbé e dúró, ohun náà gbọ́dọ̀ ní ohun mìíràn tó gbé òun náà, ìyẹn náà yóò tún ní tirẹ̀, kò sì ní lópin. Bí a bá wá gbà níkẹyìn pé ọ̀kan nínú wọn lè fi agbára ara rẹ̀ dúró, kí ló dé tí a kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ayé fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Láti ọdún 1150 sí ọdún 1689 jẹ́ ọdún 539. Ìbéèrè tí wọ́n ní ó mú ọmọ Íńdíà náà pa ẹnu mọ́, ọmọ Íńdíà ló ti béèrè rẹ̀, tó sì ti dáhùn rẹ̀, ní ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún kí Locke tó mú kálámù. Kí a má sì ṣe purọ́ mọ́ Locke: àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn kò lè túmọ̀, ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n ọmọ Íńdíà tí kò dárúkọ ló fi ṣe àpèjúwe, ẹ̀fẹ̀ náà ló sì ta yọ, tí orúkọ Bhaskara kò fi dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìtàn erin àti ìmọ̀ ìràwọ̀ jọ wà ní ilẹ̀ kan náà ni, wọn kò lé ara wọn jáde. Àwọn akéwì àti àwọn agbẹ́gilére ń sọ̀rọ̀ erin, nítorí pé ohun tí erin ń sọ ni pé gbogbo igun ayé ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè dé tí kò ní bá olùṣọ́. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ṣe ìṣirò, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí òṣùpá yóò wọ òjìji. Oníkálukú mọ iṣẹ́ tirẹ̀.

Àwa tí a ń ka èyí ní èdè Yorùbá mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹlòmíràn bá sọ ìtàn ẹni fún ni. A rí bí orúkọ Èṣù ṣe di orúkọ Sátánì nínú Bíbélì Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò sì mọ ìyàtọ̀ mọ́ títí di òní. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún pa ẹ̀fẹ̀ erin àti ìjàpá létí yín, ẹ bi í léèrè bóyá ó mọ orúkọ erin kan péré nínú wọn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, nǹkan fìrí ló rí, kò tíì rí erin.